Ẹ̀kán Ọ́ìlì Méjì: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Fẹ́líìtì Nínú Dísíbútọ̀ Ọkọ̀ Àtijọ́

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ọkọ̀ ni ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó mú kí ẹ̀rọ náà pẹ́ láyé. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn fẹ́líìtì, ègé irun àgùntàn kékeré tí ó ń gba ọ́ìlì pamọ́ sínú dísíbútọ̀ ọkọ̀, láti ìgbà tí ìtanná alábátìrì bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1910 títí di ìgbà tí ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì gba ipò kọ́ńtáàtì. Ó ṣe àlàyé bí fẹ́líìtì ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi gbẹ́kẹ̀ lé e, àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ. Ó fi hàn pé apá kan nínú àbùkù tí wọ́n kà sí kọ́ńtáàtì lọ́rùn jẹ́ àbùkù ọ́ìlì tí ó gbẹ, àti pé ìtàn ẹ̀rọ kò pé bí kò bá sí ìtàn ìtọ́jú nínú rẹ̀.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ fẹ́líìtì inú dísíbútọ̀ mu wẹ́kú. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, fẹ́líìtì yìí kò tóbi ju horo ẹ̀wà kan lọ. Kò wọ́n lọ́jà, kò sì sí ohun tí ó ń dún tàbí tí ó ń tàn lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìdérí dísíbútọ̀ lè má tilẹ̀ rí i, nítorí abẹ́ rótọ̀ ni ó sábà máa ń wà. Síbẹ̀síbẹ̀, bí ọ́ìlì bá gbẹ nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọkọ̀ tí ó lágbára tẹ́lẹ̀ lè di ọkọ̀ tí ń húkọ́, tí kò lè gun òkè, tí ń gbóná, tí ó sì ń jẹ pẹ́tírólù ju bí ó ti yẹ lọ.

Àwọn ìwé ìtàn ọkọ̀ kì í sábà mẹ́nu ba ohun kékeré bí èyí. Orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá ẹ̀rọ, ọdún tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń gba ojú ìwé. Iṣẹ́ ìtọ́jú, tí ó mú kí ẹ̀rọ náà wúlò fún ẹni tí ó fi owó ra ọkọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn dísíbútọ̀ kò lè yé ènìyàn yékéyéké bí kò bá mọ ìtàn ọ́ìlì inú rẹ̀. Ìdí ni pé ẹ̀bi púpọ̀ tí wọ́n dì ru kọ́ńtáàtì kì í ṣe ẹ̀bi kọ́ńtáàtì nìkan. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ hàn kedere irú iṣẹ́ tí dísíbútọ̀ ń ṣe.

2.0 Iṣẹ́ Tí Dísíbútọ̀ Ń Ṣe

Ẹ́ńjìnnì tí ń lo pẹ́tírólù kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná tí yóò ṣáná sí pẹ́tírólù àti afẹ́fẹ́ tí ó ti pò pọ̀ nínú rẹ̀. Bátìrì ọkọ̀, yálà ti fóòtì 6 tàbí ti fóòtì 12, kò ní agbára tó láti mú kí iná fò kọjá ẹnu púlọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì ni ó ń sọ iná kékeré yìí di iná ẹlẹ́gbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, ṣùgbọ́n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi bí ohun kan bá já iná bátìrì náà lójijì. Kọ́ńtáàtì inú dísíbútọ̀ ni ó ń já a.

Iṣẹ́ méjì ni dísíbútọ̀ ń ṣe nígbà kan náà. Èkíní, ọ̀pá kan ń yí ní àárín rẹ̀. Lára ọ̀pá yìí ni káàmù wà, ìyẹn ibi tí ó ti ní igun. Bí ọ̀pá náà ṣe ń yí, igun kọ̀ọ̀kan ń ti apá kan kọ́ńtáàtì sẹ́yìn, kọ́ńtáàtì á sì là. Èkejì, rótọ̀ tí ó wà ní orí ọ̀pá náà ń pín iná ńlá tí ó ti ọ̀dọ̀ kọ́ìlì wá fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Iṣẹ́ kejì yìí ni ó bí orúkọ ẹ̀rọ náà, nítorí dísíbútọ̀ túmọ̀ sí apínǹkan.

Ìṣirò ni ó lè fi ìnira iṣẹ́ yìí hàn. Ìdajì ìyára ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pá dísíbútọ̀ fi ń yí. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá dísíbútọ̀ yóò yí ní ìgbà 1,500. Níwọ̀n ìgbà tí káàmù rẹ̀ ní igun mẹ́rin, kọ́ńtáàtì yóò là ní ìgbà 6,000 láàrin ìṣẹ́jú kan náà, èyí tí ó jẹ́ ìgbà 100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkọ̀ tí ó bá rin ìrìn wákàtí kan ní irú ìyára bẹ́ẹ̀ yóò ti la kọ́ńtáàtì ní ìgbà 360,000. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, ègé kékeré kan tí ó dà bí gìgísẹ̀ lára kọ́ńtáàtì ni ó ń fara họ káàmù. Irin ni káàmù. Gìgísẹ̀ náà kì í ṣe irin. Bí kò bá sí ohun tí ó ń yọ̀ láàrin wọn, gìgísẹ̀ ni yóò jẹ.

Bí gìgísẹ̀ bá ti ń jẹ, àlàfo kọ́ńtáàtì yóò máa dín kù. Àlàfo yìí kò sì pọ̀ rárá láti ilẹ̀: nínú dísíbútọ̀ Lucas 25D4, ó wà láàrin mìlímítà 0.35 àti 0.40. Àlàfo tí ó dín kù túmọ̀ sí pé kọ́ńtáàtì ń pẹ́ kí ó tó là, iná náà á sì máa dé lẹ́yìn àkókò rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹni tí ó wa ọkọ̀ ń rí gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára mọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òróró díẹ̀ ti tán.

3.0 Ohun Tí Fẹ́líìtì Jẹ́

Fẹ́líìtì yàtọ̀ sí aṣọ híhun. Aṣọ òfì ní òwú tí ó gùn lọ ní òòró àti òwú tí ó gba ìbú kọjá, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè fa òwú kan yọ nínú rẹ̀. Fẹ́líìtì kò ní òwú ìgùn, kò ní òwú ìbú. Irun àgùntàn ni wọ́n tẹ́, tí wọ́n fi omi gbígbóná sí, tí wọ́n sì ń tẹ̀, tí wọ́n ń rún títí tí irun náà fi wọnú ara rẹ̀. Ìpẹ́ kéékèèké tí ó wà lára irun àgùntàn kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú kí ó di ara rẹ̀ mú tí kò fi ní tú mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti pẹ́ gan-an: nínú àwọn ibojì Pazyryk ní àwọn òkè Altai, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, àwọn awalẹ̀pìtàn rí fẹ́líìtì tí yìnyín ti tọ́jú fún ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún.

Ohun tí ó mú kí fẹ́líìtì wúlò fún ẹ̀rọ ni àwọn àlàfo tín-ín-rín tí ó wà láàrin irun àti irun. Ọ́ìlì máa ń rìn nínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà bí ọ̀nà bá lọ sókè. Kò sí ẹni tí ó ti rí fìtílà elépo rí tí èyí yóò ṣe àjèjì sí. Òwú inú fìtílà kì í dúró de ẹni tí yóò gbé epo gòkè fún un. Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ìwọ̀n tí iná bá jó ni ó sì ń fà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fẹ́líìtì inú dísíbútọ̀ ṣe ń ṣe. Ó mu ọ́ìlì ní ọjọ́ kan, ó sì ń dá a padà fún ọ̀pọ̀ oṣù, níbi tí irin ti kan án.

4.0 Láti Mágínẹ́tò Dé Bátìrì, 1902 sí 1927

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, mágínẹ́tò ni ó gbajúmọ̀ jù lọ fún ìtanná ọkọ̀. Ní ọdún 1902, Gottlob Honold, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ Robert Bosch ní ìlú Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, parí iṣẹ́ lórí mágínẹ́tò tí ó ń pèsè iná ńlá fún púlọ́ọ̀gì. Mágínẹ́tò kò nílò bátìrì, ó sì ṣeé gbára lé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀.

Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni Charles F. Kettering, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní ọdún 1876. Ilé-iṣẹ́ National Cash Register ní ìlú Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, ni ó ti ń ṣiṣẹ́ kí òun àti Edward Deeds tó dá ilé-iṣẹ́ Delco sílẹ̀ ní ọdún 1909. Cadillac, lábẹ́ Henry Leland, ni ó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ìtanná wọn fún àwọn ọkọ̀ ọdún 1910. Nígbà tí ó di àwọn ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912, bátìrì kan náà ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, tí ó ń tan iná ọkọ̀, tí ó sì ń ṣáná fún púlọ́ọ̀gì. Níwọ̀n ìgbà tí bátìrì ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, kò sí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa san owó mágínẹ́tò mọ́. Bosch fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ̀rọ ìtanná alábátìrì ní ọdún 1925. Nígbà tí Ford dáwọ́ Model T dúró ní ọdún 1927, tí ó gbé Model A jáde ní òpin ọdún náà, dísíbútọ̀ oníbátìrì ni ó wà nínú èyí tuntun.

Ìyípadà yìí dín owó ọkọ̀ kù, ṣùgbọ́n kò mú wàhálà ọ́ìlì kúrò. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, Model T ní ẹ̀rọ kékeré kan níwájú ẹ́ńjìnnì tí ó ń pín àkókò iná, ẹni tí ó ni ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa rọ ọ́ìlì sí i lemọ́lemọ́. Àwọn dísíbútọ̀ ìgbà náà ní ife kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí ó ní ìdérí, fún ọ́ìlì tàbí gírísì. Bí ènìyàn bá rọ ọ́ìlì tààrà sí ara ọ̀pá, ìṣòro méjì ni ó ń tẹ̀ lé e: ọ́ìlì pọ̀ jù lónìí, kò sì sí rárá ní ọ̀la. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ni ọ́ìlì tí kò pọ̀, tí kò sì tán. Ìbéèrè yìí ni fẹ́líìtì wá dáhùn.

5.0 Ààyè Mẹ́ta Tí Fẹ́líìtì Dúró Sí

Bí dísíbútọ̀ oríṣiríṣi ti pọ̀ tó, ààyè mẹ́ta ni fẹ́líìtì máa ń wà nínú wọn, iṣẹ́ ààyè kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

5.1 Orí ọ̀pá, lábẹ́ rótọ̀: Káàmù kì í ṣe ara kan náà pẹ̀lú ọ̀pá ìsàlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ dísíbútọ̀. Ó dà bí fìlà tí wọ́n dé sí orí ọ̀pá, tí ó lè yí díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, irin wúwo kéékèèké méjì yóò fẹ̀ jáde, wọn yóò sì yí káàmù síwájú kí iná lè tètè dé. Bí ìpata bá mú káàmù mọ́ ọ̀pá, iná kò ní tètè dé mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Fẹ́líìtì tí ó wà ní orí ọ̀pá ni ó ń mú kí ọ́ìlì wọ àárín àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ dísíbútọ̀ Bosch ni ó ní i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Lucas ní ìlú Birmingham ṣe 25D4, níbi tí wọ́n ti ń kán ọ́ìlì sí ẹ̀gbẹ́ ìdè tí ó wà ní orí káàmù. Nígbà tí 45D4 gba ipò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, fẹ́líìtì ni wọ́n fi síbẹ̀ tí yóò máa gba ẹ̀kán ọ́ìlì náà pamọ́.

5.2 Ẹ̀gbẹ́ káàmù: Níhìn-ín, fẹ́líìtì máa ń fara kan igun káàmù bí ó ṣe ń yí, ó sì ń fi òróró tí kò ju ìfọwọ́pa lọ sí i fún gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì. Àwọn dísíbútọ̀ Delco-Remy ti àwọn ọdún 1960 ní irú èyí. Ilé-iṣẹ́ ni ó ti fi òróró sínú rẹ̀. Àṣẹ sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ ọ́ìlì sí i. Ohun tí mẹkáníìkì yóò ṣe ni pé kí ó yí i padà lẹ́yìn máìlì 12,000, kí ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn máìlì 24,000.

5.3 Ẹ̀yìn búùṣì: Búùṣì ni idẹ tí ọ̀pá dísíbútọ̀ ń yí nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nígbà tí Chrysler gbé búùṣì onídẹ tí ń jẹ́ Oilite jáde, irú búùṣì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun idẹ tẹ̀ pọ̀ ti di ohun tí ó gbòde. Ihò tí ojú kò lè rí pọ̀ nínú rẹ̀, ọ́ìlì sì ń dúró sínú ihò wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n bá fi fẹ́líìtì yí irú búùṣì bẹ́ẹ̀ ká, fẹ́líìtì ni àká, búùṣì ni ẹnu ọ̀nà: bí ọ̀pá bá ṣe ń lo ọ́ìlì inú búùṣì tán, búùṣì ń fa òmíràn láti inú fẹ́líìtì.

6.0 Àìtó àti Àpọ̀jù

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìwé ìtọ́sọ́nà máa ń sọ iye ọ́ìlì ní ìwọ̀n. Ẹ̀kán ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta tó. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ láti sọ pé ìmọ̀ fẹ́líìtì jẹ́ ìmọ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Bí ọ́ìlì kò bá tó, ọ̀nà mẹ́ta ni ìbàjẹ́ ń gbà wọlé. Gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì yóò jẹ, àlàfo yóò sì dín kù. Káàmù yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, àkókò iná kò sì ní sún síwájú mọ́. Búùṣì yóò jẹ, ọ̀pá yóò sì máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó burú jù, nítorí ó ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí ọ̀pá bá ń mì, àlàfo kọ́ńtáàtì lórí igun kìn-ín-ní kò ní bá ti igun kejì dọ́gba. Mẹkáníìkì lè wọn àlàfo náà kí ó sì pé, ṣùgbọ́n lórí igun kan ṣoṣo ni ó pé. Yóò pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, ọkọ̀ yóò sàn fún ọjọ́ díẹ̀, àìsàn náà yóò sì padà. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ń sanwó kọ́ńtáàtì léraléra nítorí búùṣì tí ẹnì kankan kò wò.

Bí ọ́ìlì bá sì pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyípo ọ̀pá yóò ta ọ́ìlì sí ojú kọ́ńtáàtì. Iná kéékèèké tí ó ń tàn níbẹ̀ yóò jó ọ́ìlì náà di èédú, èédú kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Ọkọ̀ lè má ṣiṣẹ́ rárá nítorí pé ẹnì kan fẹ́ ṣe é lóore. Àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́.

7.0 Ìjàpá ní Èkó

Ìtàn yìí kan ilẹ̀ Yorùbá ní tààrà. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, Beetle sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Àwọn Yorùbá ti fi ojú wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rogodo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìjàpá. Olùkọ́ gùn ún, nọ́ọ̀sì gùn ún, àwọn akọ̀wé ìjọba náà gùn ún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un tutù, àlàfo kọ́ńtáàtì rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 0.4.

Ìwé ìtọ́sọ́nà ń bá ọkọ̀ tuntun wá, ṣùgbọ́n kì í sábà bá ọkọ̀ dé ọwọ́ ẹni kejì àti ẹni kẹta tí ó rà á. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lábẹ́ igi, ojú àti ọwọ́ ni ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ iṣẹ́. Ohun tí ó bá ń gba àkókò ni ojú ọmọ iṣẹ́ ń tètè mú: bí ọ̀gá ṣe ń tú kọ́ńtáàtì, bí ó ṣe ń fi pépà fọ ojú rẹ̀, bí ó ṣe ń wọn àlàfo. Ẹ̀kán ọ́ìlì méjì lábẹ́ rótọ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá kò bá dárúkọ rẹ̀, ó rọrùn kí ó bọ́ lójú ọmọ iṣẹ́. Bí ó bá sì ti bọ́ lójú ọmọ iṣẹ́ kan, kò sí ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọmọ iṣẹ́ náà yóò kọ́ nígbà tí ó bá di ọ̀gá. Erukú ìgbà ọyẹ́ tún dá kún un, nítorí erukú tí ó bá pò mọ́ ọ́ìlì àtijọ́ máa ń họ irin bí iyanrìn. Irú ìmọ̀ báyìí kì í kú ní ariwo. Ó kàn ń dákẹ́ ni.

8.0 Bí Kọ́ńtáàtì Ṣe Kógbá Sílé

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, General Motors ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ ìtanná onítìránsísítọ̀ sí díẹ̀ nínú ọkọ̀ Pontiac ọdún 1963 fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ohun tí ó sáré lé kọ́ńtáàtì kúrò ni òfin. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1970 béèrè pé kí èéfín ọkọ̀ wà ní ìwọ̀n tí ìjọba fẹ́ fún ọdún 5 tàbí máìlì 50,000. Gìgísẹ̀ tí ó ń jẹ kò lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀, nítorí bí àkókò iná bá ti yí padà, èéfín náà yóò yí padà. Chrysler fi ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì tí kò ní kọ́ńtáàtì sí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ọdún 1973. General Motors ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ọdún 1975.

Kò sí àní-àní pé ìdí gidi wà fún ìyípadà yìí. Ẹ̀rọ tí kò ní gìgísẹ̀ kò ní ohun tí yóò jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó sọ pé kọ́ńtáàtì nìkan ni aláìsàn kò sọ gbogbo òótọ́. Nínú àwọn dísíbútọ̀ tuntun náà, ọ̀pá ṣì ń yí nínú búùṣì, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣì ní irin wúwo méjì tí ń yí orí ọ̀pá síwájú. Búùṣì tí ó gbẹ ṣì ń jẹ, orí ọ̀pá tí ó gbẹ ṣì ń lẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí kọ́ńtáàtì mọ́ tí yóò mú kí mẹkáníìkì máa ṣí ìdérí ní gbogbo ìgbà. Ohun tí ó ń mú ènìyàn dé ọ̀dọ̀ fẹ́líìtì ti lọ. Fẹ́líìtì náà ni wọ́n sì gbàgbé. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà àti kọ́ìlì tí ó jókòó lórí púlọ́ọ̀gì mú dísíbútọ̀ fúnra rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ tuntun. Ìjàpá ìkẹyìn jáde ní ìlú Puebla, orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní oṣù keje ọdún 2003.

9.0 Àtúntò Dísíbútọ̀ Lóde Òní

Àwọn tí ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ni ó ń pàdé àbájáde ìgbàgbé yìí. Nígbà tí wọ́n bá tú dísíbútọ̀ tí ó ti pẹ́, fẹ́líìtì inú rẹ̀ sábà máa ń le bí èèpo igi. Ọ́ìlì àtijọ́ ti di gọ́ọ̀mù nínú rẹ̀, kò sì lè mu tuntun mọ́. Rírọ ọ́ìlì sí irú fẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ kò ju kí ènìyàn da omi sẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ lọ.

Àtúntò tí ó péye máa ń tẹ̀ lé ètò. Wọ́n á kọ́kọ́ di ọ̀pá mú, wọ́n á mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mọ̀ bóyá búùṣì ti jẹ. Bí ó bá ti jẹ, wọ́n á yọ ọ́. Búùṣì tuntun gbọ́dọ̀ wà nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fún wákàtí 24 kí ó tó wọ àyè rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kánjú, wákàtí 2 nínú ọ́ìlì tí ó gbóná dé 100°C lè rọ́pò rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irin gbẹ́ inú búùṣì yìí, nítorí gbígbẹ́ yóò dí àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan fẹ́líìtì. Irun àgùntàn gidi ni ó yẹ, kì í ṣe fẹ́líìtì oníke tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Ọ̀nà ìdánwò rọrùn: bí iná bá kan ègé kékeré irun àgùntàn, yóò rùn bí irun orí tí ó jó, yóò sì di eérú, èyí tí ó jẹ́ oníke yóò yọ́, yóò sì dì. Wọ́n á gé e kí ó wọ àyè rẹ̀ láìfún pinpin, nítorí fẹ́líìtì tí ó bá fún jù kò ní àlàfo tí ọ́ìlì yóò gbà rìn. Wọ́n á rì í sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì fún èyí tí ó pọ̀ jù dànù. Gírísì kò yẹ fún un, nítorí ó nípọn ju ohun tí irun lè fà lọ. Ara igun káàmù ni àyè gírísì, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni. Ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni pé kí wọ́n nu ojú kọ́ńtáàtì mọ́ tónítóní kí wọ́n tó dé ìdérí.

10.0 Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti tọpa fẹ́líìtì láti ìgbà tí ìtanná alábátìrì wọ ọkọ̀ títí dé ìgbà tí dísíbútọ̀ fúnra rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ tuntun. Ó ti hàn pé ẹ̀rọ tí Kettering bẹ̀rẹ̀ kò dá dúró fúnra rẹ̀. Ègé irun àgùntàn àti ẹni tí ó rántí ẹ̀kán ọ́ìlì méjì ni ó gbé e ró. Ó tún ti hàn pé nígbà tí ìmọ̀ ìtọ́jú bá dákẹ́, ẹ̀bi máa ń bọ́ sí orí ohun tí ojú rí.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún àwọn tí ń múra láti di olùkọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn ẹ̀rọ kan, kò yẹ kí ìbéèrè wọn parí sí ẹni tí ó ṣe é àti ọdún tí ó ṣe é. Ó yẹ kí wọ́n béèrè pẹ̀lú pé, ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀, kí ni ó fi ń tọ́jú rẹ̀, ta ni ó sì kọ́ ọ? Fìtílà elépo kan àti òwú inú rẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà nínú kíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì tí ó mọ ìtọ́jú kọ́ńtáàtì ni ó ti dàgbà báyìí, ìmọ̀ wọn kò sì sí nínú ìwé. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé ṣe ni kí wọ́n jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà, kí fẹ́líìtì tó gbẹ tán.